Ìwé wo ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ fọ́tò ojú-ilẹ̀ kọ́kọ́ rà?

Ìrì-Àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Abèèrè kì í ṣìnà ni mo fi wá bá yín. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ní kámẹ́rà tèmi. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní APS-C, lẹ́ńsì 18-55mm tó bá a wá náà ni mo sì ń lò. Òkè, odò, pápá àti ojú ọ̀run ni ọkàn mi ń fà sí, yíya èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Fídíò ni mo fi ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohun tí mo kọ́ kò so pọ̀. Lónìí fílítà, lọ́la áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lọ́tùn-únla bí wọ́n ṣe ń ya ìràwọ̀. Mo fẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí màá kà tán pátápátá.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú jù. Bí mo bá ya fọ́tò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ojú ọ̀run á funfun báláú, tàbí kí ilẹ̀ dúdú bí èédú. Èkejì ni pé bí òkúta iwájú bá hàn kedere, òkè tó wà lẹ́yìn á ṣe bàìbàì.

Ìwé mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan tóbi gan-an, àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ìkejì kéré, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju fọ́tò lọ. Ìkẹta ní àwọn ń kọ́ni ní ohun gbogbo, láti orí kámẹ́rà rírà dé orí áàpù. Owó ọwọ́ mi kò ju ti ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí n mú? Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni, àbí ti orí fóònù?

Arìn-Jìnnà

Àbúrò, o káre. O mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra ìwé láìmọ̀ ọ́n. Torí náà, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni pé ìwé wo ló dáa jù. Èyí tó bá dáhùn ìbéèrè méjì tí o kọ sókè yìí ni ìwé rẹ.

Bí èmi ṣe máa ń yẹ ìwé wò nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí ní a-b-d pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Wá histogram níbẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò hàn, kí o sì wá hyperfocal, ìyẹn ibi tí a máa ń fi fókọ́ọ̀sì sí kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jọ mú. Bí ìwé ẹ̀kọ́ kò bá ní irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ rárá, ó máa ń kọ mí lóminú, torí ìwé tí wàá padà sí léraléra ni, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ka ibi méjèèjì lórí ìdúró níbẹ̀. Pa ìwé náà dé, kí o wá fi ẹnu ara rẹ ṣàlàyé ohun tí o kà. Bí o bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Bí kò bá yé ọ, má dá ara rẹ lẹ́bi, dá ìwé náà padà sórí pẹpẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. “24mm, f/11, ìṣẹ́jú-àáyá 1/15, ISO 100” (gígùn lẹ́ńsì, ìwọ̀n ihò rẹ̀, ìyára ṣọ́tà, àti bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀) dáa, àmọ́ kò tó. Nọ́ńbà yẹn kò lè bá ọ dé ibi tìrẹ, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ìdí ni mo máa ń wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ f/11? Ibo ló fi fókọ́ọ̀sì sí? Aago mélòó ló débẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì ti lọ kí ojú ọjọ́ tó gbà fún un? Bí o bá rí òǹkọ̀wé tó tẹ fọ́tò tí kò dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dáa, ibì kan náà, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì sọ ohun tó kọsẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, gbé ìwé yẹn lọ sílé.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tí kì í sọ ìdí fi ojú mi rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré pé kí ohun gbogbo lè hàn kedere, kí n lo f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi ni ihò lẹ́ńsì ń kéré). Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó lé lọ́dún kan tí gbogbo fọ́tò mi fi jẹ́ f/22.

Lọ́jọ́ kan mo gun òkè nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo gbé tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan tí nǹkan bí èépá hù lé lára, apá kan rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà irin, apá kan rí bí eérú. Ìkùukùu ń ṣàn gba àfonífojì kọjá nísàlẹ̀ bí omi. Mo ya méjìdínlógún kí oòrùn tó yọ tán. Mo délé, mo fẹ̀ wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ibì kankan tó mú dáadáa nínú gbogbo wọn. Èépá tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì í ti rí bí ìgbà tí èèyàn fi òróró ra á. Mo ní lẹ́ńsì ti bàjẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n tà á.

Lẹ́ńsì kò ṣe nǹkan kan. Bí ihò inú lẹ́ńsì bá ti kéré jù, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á máa fọ́n ká létí ihò náà, ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀kán kan tín-ín-rín á wá tàn bí íńkì lórí bébà tútù. Diffraction ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Kò sí lẹ́ńsì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe olówó gọbọi. Lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C bíi tìrẹ, àárín f/8 sí f/11 ni kí o máa wà fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí o bá ti kọjá f/16, ohun tí o ń rí gbà kò tó ohun tí o ń pàdánù mọ́.

Ìwé tó dáa á wá fi yé ọ pé ibi tí o fi fókọ́ọ̀sì sí lè ṣe ju kí o kàn máa fún ihò náà pọ̀ lọ. Fi lẹ́ńsì rẹ sí 18mm, ibi tó ti ń rí gbòòrò jù, kí o lo f/11, kí o sì fi fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ síwájú. Láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 lọ dé òkè tó jìnnà jù lọ́ọ̀ọ́kán á mú dé ìwọ̀n tí ojú yóò gbà. Bí o bá lo f/8, á di nǹkan bíi mítà méjì, á sì bẹ̀rẹ̀ láti mítà kan. Hyperfocal tí Arìn-Jìnnà ní kí o wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn dúró lórí bí fọ́tò tí a tẹ̀ jáde yóò ṣe tóbi tó. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tóbi gan-an, o ní láti ti fókọ́ọ̀sì síwájú sí i díẹ̀. Ìwé tó bá to nọ́ńbà wọ̀nyí kalẹ̀ tí kò sọ ìyẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ojú-Ìwòye

Ìwé ńlá yẹn, ìwé àwòrán ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Má fi owó ẹ̀kọ́ rà á.

Ìyá Alẹ́ńsì

Ẹ má bínú, Ojú-Ìwòye, ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé àwòrán ayafọ́tò kan ṣoṣo kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń to àwòrán ju ìwé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mo ní lọ. Àmọ́ èèyàn kì í ṣí i bí ẹní ń wo àwòrán ìgbéyàwó. Mo máa ń gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé fọ́tò kan, màá fi pẹ́ńsù fa ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbé àwòrán náà ró: etí omi, ẹ̀yìn òkè, ojú ọ̀nà. Bí mo bá ká bébà náà kúrò, ìlà nìkan ló máa ń kù. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rí i pé ohun tó fa ojú mi mọ́ra kì í ṣe òkè ńlá yẹn, ibi tí etí omi ti dàgẹ̀rẹ̀ wá sí igun ìsàlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà màá wá òjìji. Apá ibo ló sùn sí? Ibẹ̀ ni màá ti mọ ibi tí oòrùn wà. Màá tún bi ara mi bóyá orí ìdúró ni ó ti yà á tàbí ó bẹ̀rẹ̀, torí bí kámẹ́rà bá lọ sílẹ̀, òkúta iwájú á tóbi, omi tó wà láàárín á sì fún pọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìdá-mẹ́ta tí gbogbo ìwé ń kọ́ni, pé kí a pín àwòrán sí mẹ́ta níbùú àti lóròó, ojú ìwé kan ti tó o. Ìwé tó bá fi orí odindi kan rò ó, kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa títo àwòrán.

Mo gbà pẹ̀lú Ojú-Ìwòye níbì kan: kì í ṣe òun ni kí o kọ́kọ́ rà. Lọ yá a ní yàrá ìkàwé. Bí owó bá dé, kí o wá ra èyí tí o ti yá lẹ́ẹ̀mẹta.

Fíìmù-Ṣì-Wà

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ìwé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n sábà máa ń rọjú, pàápàá àwọn tí ẹlòmíì ti lò. Ansel Adams, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1902 tó sì kú ní 1984, fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń kà: The Camera ní 1980, The Negative ní 1981, The Print ní 1983. Fíìmù ni gbogbo wọn dá lé, orí èyí tó sọ nípa oògùn ìfọ̀ fíìmù kò sì ní wúlò fún ìwọ tó ń lo kámẹ́rà òde òní. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ ni ọ̀nà tí òun àti ayafọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀, Fred Archer, là sílẹ̀ ní nǹkan bí 1940, tí wọ́n fi pín ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò sí ìpele 11, láti òdo tí í ṣe dúdú kirikiri dé ìkẹwàá tí í ṣe funfun bébà lásán. Ìpele karùn-ún ló wà láàárín, ibẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n inú kámẹ́rà máa ń fẹ́ gbé ohunkóhun tí o bá dojú rẹ̀ kọ sí. Ìdí nìyẹn tí yanrìn funfun fi ń di eérú, tí òkúta dúdú náà sì ń di eérú. Bí ìyẹn bá ti yé ọ, ìṣòro rẹ àkọ́kọ́ ti tú dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n kíyè sí ohun kan kí ìwé àtijọ́ má baà ṣì ọ́ lọ́nà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà oní-fíìmù dúdú-àti-funfun ni pé kó fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ dáàbò bo ibi tó ṣókùnkùn, torí ibi tí fíìmù kò bá ti gba ìmọ́lẹ̀ tó, kò sí ohun tí wọ́n lè rí yọ níbẹ̀. Ti sẹ́ńsọ̀ yí padà sí ìyẹn. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni kí o ṣọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti funfun kọjá ààlà, ó ti lọ nìyẹn, àmọ́ ibi tó dúdú ṣì ṣeé gbé sókè díẹ̀ bó bá jẹ́ RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn tún ṣe, lo fi yà á. Ẹni tó tẹ̀ lé ìwé fíìmù láìmọ èyí, gbogbo àárọ̀ ló máa pàdánù ìkùukùu rẹ̀.

Odò-Tó-Ń-Ṣàn

Nípa ìwé kẹta tó ní òun ń kọ́ni ní ohun gbogbo, ka iye ojú ìwé tí wọ́n lò fún ọjà rírà àti èyí tí wọ́n lò fún áàpù. Bí méjèèjì bá ti kó ìdajì ìwé lọ, fi í sílẹ̀. Lightroom, ọ̀kan nínú áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, jáde ní 2007, ojú rẹ̀ sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà wá, ìwé tó kún fún àwòrán bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Ẹ̀kọ́ tí kì í gbó ni èyí tó ń sọ ìdí tí RAW fi ju JPEG, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ti tún ṣe tó sì ti fún pọ̀, lọ fún irú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n ṣe ń ka histogram, àti ibi tó yẹ kí ọwọ́ ti dúró kí fọ́tò má baà di ayédèrú. Wo ojú ìwé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, kí o sì mọ̀ bóyá wọ́n tún un kọ ni tàbí wọ́n kàn tún un tẹ̀.

Ìdánwò kékeré kan tí mo fẹ́ràn: lọ síbi tí wọ́n ti sọ nípa fílítà ND, èyí dúdú tó ń jẹ́ kí omi dà bí èéfín. Èyí tó ń gé ìmọ́lẹ̀ ní ìpele 10 (ìpele kọ̀ọ̀kan ń gé e sí ìdajì) máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú 1000 wọlé. Fọ́tò tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú-àáyá 1/30 á wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 34. Bí òǹkọ̀wé bá ṣe ìṣirò yẹn lójú ẹ, ó fẹ́ kí o lè dá ṣe é. Bó bá kàn ní “lo fílítà kí omi lè rọ̀,” kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ìrì-Àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan: ìwé ńlá àti ìwé kẹta jọ sọ pé wákàtí kan ni ìmọ́lẹ̀ oníwúrà máa ń wà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kì í rí i tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣe ń gbé tripod kalẹ̀ báyìí, ó ti lọ.

Arìn-Jìnnà

Ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ń gbé ló fà á. Oòrùn ń rin dígírì 15 ní wákàtí kan. Nítòsí agbedeméjì ayé, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, ńṣe ló ń já wálẹ̀ ṣánṣán, láti dígírì 6 lókè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oníwúrà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi kan ilẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 24 lọ. Ní ìlà ìbú 60, ó ń wọ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, dígírì 6 yẹn kan náà á gbà tó ìṣẹ́jú 48 lásìkò kan náà. Ọ̀pọ̀ ìwé yìí ni wọ́n kọ níbi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ara wọn. Bí ìwé tí o fẹ́ rà bá fi dígírì sọ ọ́ dípò aago, ó wúlò fún ọ níbi yòówù kí o wà. Bó bá fi aago sọ ọ́, tètè débẹ̀, kí o ti to fọ́tò rẹ kalẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó dé bá ọ.

Ìyá Alẹ́ńsì

Bébà ni kí o rà, ọmọ mi. Lójú fóònù, fọ́tò tó gba ojú ìwé méjì á di bí sítáḿpù, àlàyé rẹ̀ á sì sá lọ sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀ eérú kò tilẹ̀ ní fi àwọ̀ hàn ọ́ rárá. Bó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá lo ní, ìyẹn yàtọ̀. Má gbé ìwé lọ sí orí òkè ṣá o. Ìwé pélébé tó wọ àpò ni mo máa ń da nọ́ńbà tí mo nílò kọ sí: 18mm, f/11, mítà kan àbọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kì í tètè kúrò lórí mi.

Ìrì-Àárọ̀

Mo padà dé. Mo rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní yàrá ìkàwé, mo sì ṣe ìdánwò tí ẹ ní kí n ṣe. Ìwé kẹta kò ní hyperfocal nínú atọ́ka rẹ̀ rárá. Èyí kékeré ní i, ojú ìwé mẹ́rin, pẹ̀lú fọ́tò òkúta kan náà tó fi fókọ́ọ̀sì sí níbi mẹ́ta. Mo pa á dé, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi tí kò di kámẹ́rà mú rí. Ó yé e. Òun ni mo rà.

Lánàá mo lọ etí omi pẹ̀lú f/11 àti mítà kan àbọ̀. Òkúta mú, òkè tó wà lẹ́yìn náà mú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà, mo ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọ̀run ṣì funfun lápá ibi tí oòrùn ti yọ. Ìwé náà dárúkọ fílítà tí ìdajì rẹ̀ dúdú, ó tún dárúkọ yíya fọ́tò mẹ́ta pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ẹnì kan tún ní kí n ra polarizer, fílítà tí wọ́n ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ dídán kù.

Fíìmù-Ṣì-Wà

Kọ́kọ́ kọ́ èyí tí kò ná ọ lówó. Gbé kámẹ́rà sórí tripod, ya mẹ́ta: ọ̀kan bó ṣe yẹ, ọ̀kan kó ṣókùnkùn ní ìpele méjì, ọ̀kan kó mọ́lẹ̀ ní ìpele méjì. ISO àti ihò lẹ́ńsì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ìyára ṣọ́tà nìkan ni kó yí. Wàá pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì àti ìgbì omi, torí wọn kì í dúró síbì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fílítà onídajì dáa fún etí omi, níbi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé lórí ìlà tó gún. Níbi tí òkè bá ti yọrí sókè, á mú òkè náà dúdú mọ́ ojú ọ̀run.

Polarizer kò lè yanjú èyí tí o sọ yìí. Ibi tó bá dúró ní dígírì 90 sí oòrùn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìwọ sì dojú kọ oòrùn gan-an. Ní 18mm pàápàá, apá kan ojú ọ̀run lè ṣú ju apá kejì lọ. Tọ́jú owó yẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Bí o bá ń ya mẹ́ta yẹn, fi kámẹ́rà sí aago ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ọwọ́ rẹ má baà mì ín. Kí o sì pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe lẹ́yìn tí o bá ti fi sí mítà kan àbọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún un wá fúnra rẹ̀ láàárín èkíní sí èkejì.

Ìrì-Àárọ̀

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí Màmá sọ. Ọjọ́ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́, màá tún padà sí etí omi yẹn.